Bí mo ṣe gba sikọ́láṣíìpù ìrántí Helen Darcovich

Kí ló pa ọmọ Yorùbá pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Ukraine? Kò sẹ́ni tí kì í bi mí, nítorí náà ìdáhùn rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àbá ìwádìí mi.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì di iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Ní 1971, ìjọba Alberta ní Kánádà tún òfin ilé ìwé wọn ṣe, wọ́n fàyè gba kí a fi èdè mìíràn kọ́ ọmọ. Nígbà tó máa fi di 1974, àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ àtọmọdọ́mọ Ukraine ti rí kíláàsì elédè méjì, èdè Ukraine àti Gẹ̀ẹ́sì, gbà ní Edmonton, olú ìlú Alberta. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe rí i gbà lọ́wọ́ ìjọba, nítorí irú rẹ̀ ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Láti 1891 làwọn àgbẹ̀ láti Galicia, agbègbè kan tí apá rẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn Ukraine lónìí, ti ń wá gba ilẹ̀ oko ní Kánádà. Ilé ìwé elédè méjì sì wà ní Manitoba, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Kánádà, kí ìjọba tó fagi lé e ní 1916.

University of Alberta ni mo wà, níbi tí Canadian Institute of Ukrainian Studies ti bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Manoly Lupul tó kọ́kọ́ darí rẹ̀, ìtàn ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì wà nínú àwọn tó jà fún kíláàsì yẹn. Owó ìrántí pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ Helen Darcovich wà fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí Ukraine tàbí lórí àwọn ará Ukraine tó wà ní Kánádà. Ìmọ̀ ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n gbà, ìtàn àti òfin náà wà níbẹ̀. Mo ka ìlànà wọn tán, n ò rí ibi tí wọ́n ti bi mí pé níbo ni bàbá mi ti wá.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé fọ́ọ̀mù ló le, ẹ má dá a lóhùn. Àbá ìwádìí ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fa igi lé gbogbo ibi tí mo ti ń yin èdè abínibí. Ó ní, “Àwọn tó máa kà á ti fi ọmọ tiwọn sí kíláàsì yẹn. Ìwé wo lo fẹ́ kà, níbo ló sì wà?”

Mo bá padà lọ dárúkọ wọn: àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn òbí, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ìgbìmọ̀ ilé ìwé, àpótí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn, ẹni tó bá sì kọ́ èdè Ukraine látinú ìwé títẹ̀ nìkan, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ kọ lẹ́tà т, bí m ló máa ń rí. Lẹ́tà д á dà bí g. Lẹ́tà и á di u. Nígbà tí т, и àti ш bá tò tẹ̀ lé ara wọn, ìlà ìdúró lásán lo máa rí, o ó máa kà á bí ọ̀pá ọgbà. Mo ya fọ́tò ojú ìwé kan, mo tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, mo sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ àbá náà. Lójú tèmi, ojú ìwé kan yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo kọ lọ.

Àwọn tó máa kọ̀wé jẹ́rìí sí mi, mo ti tètè bá wọn sọ̀rọ̀, mo sì fi àbá náà ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú. Ọ̀kan nínú wọn ni olùkọ́ mi àtijọ́ nílé. Mo kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù, mo kí wọn, mo béèrè àlàáfíà ìyá wa, kí n tó dárúkọ lẹ́tà. Ìyẹn ò ṣeé fi ímeèlì ṣe.

Transcript! Ẹ jẹ́ kí n má sọ púpọ̀. Ilé ìwé tí mo ti gboyè àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà gba owó, ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló lọ jókòó tì wọ́n ní ọ́fíìsì títí wọ́n fi fi í ránṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tiyín kí ẹ tó kọ ìlà kan ṣoṣo nínú àbá yín.

Ètò ìnáwó kò gba àkókò: oúnjẹ, ilé, owó ọkọ̀ lọ sí Winnipeg ní Manitoba láti ka ìwé.

Wọ́n fún mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá àwọn òbí ìgbà náà tó ṣì wà láyé sọ̀rọ̀, yunifásítì kì í sì jẹ́ kí èèyàn fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ tí mo fi fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù sílẹ̀ ni mo fi ti ìgbìmọ̀ yẹn náà sílẹ̀, torí àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún.