Bí ọkọ̀ kékeré wa ṣe dẹ́kun fífì sẹ́yìn

Ọkọ̀ kékeré tá a máa ń fà sórí ọkọ̀ ńlá ní Ero Dam, l'Ékìtì níbí, kì í gbéra kó má fì sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ìdí rẹ̀ ló ń fà á. Wọ́n ní kí n ra ṣéènì bílọ́ọ̀kì, ẹ̀rọ onírin tí wọ́n ń fi ṣéènì gbé ẹrù, àmọ́ irin yẹn wúwo, omi á sì mú un dípẹtà. Púlì olókùn mẹ́rin (okùn kan ṣoṣo tó lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin) ni mo so: ọkọ̀ 80 kìlò, ọwọ́ ń fa bí 20 kìlò àti díẹ̀. Okùn mítà 4 lẹ óò fà kó tó gòkè mítà 1 o!

Okùn mẹ́ta tí mo so mọ́ ọkọ̀ ló yanjú fífì náà gan-an: iwájú kan, ẹ̀yìn méjì, gbogbo wọn pàdé lójú òrùka kan tí púlì ń fà. Mo sún òrùka náà sẹ́yìn títí ọkọ̀ fi dúró déédéé. Ẹ kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ nù. Lítà 1, kìlò 1 ni. Kẹ́nikẹ́ni má dúró lábẹ́ ẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gá.