Bí Ẹṣin Bá Ń Ṣoríkunkun Lórí Okùn Gígùn: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tí Ẹ Dúró Sí

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹṣin ní Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá ẹ̀yin ìdílé Balógun tí ẹ máa ń gẹṣin lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹṣin tó ti wà lórí ìso láti ọdún èṣí, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú síta nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní ṣàì yọ yín lẹ́nu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Lórí okùn gígùn, ẹ̀yin ni ẹ máa dúró ní àárín, ẹṣin á sì máa yí yín ká. Àṣìṣe kan ni a ń rí níbi gbogbo. Ẹni tó di okùn mú á lọ dúró síwájú èjìká ẹṣin. Ẹṣin á rí i pé wọ́n ti dínà mọ́ òun, á dúró, tàbí kó yíjú sí olówó rẹ̀. Ni wọ́n á bá fi pàṣán bò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣíwọ́ rẹ̀! Ohun tí ẹ fi ara yín sọ fún ẹṣin yẹn ló ṣe, ẹ sì tún ń nà án lé e.

Ẹ dúró ní ọ̀kánkán ẹ̀yìn ibi tí ọ̀já gàárì ń gbà. Bó bá ń yí lọ sí òsì, kí okùn wà lọ́wọ́ òsì yín, kí pàṣán wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kó kọjú sí ìdí ẹṣin láì kàn án lára. Bó bá tún yíjú wọlé, ẹ sún ìgbésẹ̀ méjì sí apá ìdí rẹ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ rárá.

Okùn mítà 8 tó. Ìṣẹ́jú 20 ni kó pọ̀ jù, kí ẹ sì máa yí apá tí ẹṣin ń yí lọ padà, láti òsì sí ọ̀tún, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Èyí tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìrìn nìkan, ìṣẹ́jú 10, nítorí oríkèé rẹ̀ kò tíì gbó.

Bó bá já lọ, ẹ má fà á ní àfàdúró, torí agbára rẹ̀ ju tiyín lọ. Ẹ fà, ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ tún fà, kí ẹ sì máa darí rẹ̀ sí ògiri. Bí kò bá gbọ́, ẹ ju okùn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ wé okùn mọ́ ọwọ́ láéláé. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ká aṣọ, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má fi okùn lé ọmọdé lọ́wọ́.

Bó bá ń tapá, ẹ jẹ́ kí okùn gùn, ẹ má sún mọ́ ọn títí yóò fi rọlẹ̀.

Ẹṣin tó ń gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ tó wá dédé yí padà, ìrora ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí gàárì ń jókòó sí. Bó bá tẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, tó ká etí sẹ́yìn, ẹ bọ́ gàárì kúrò, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ wo eyín àti pátákò rẹ̀ náà. Ẹ tún wo oúnjẹ: ẹṣin kílò 300 kò gbọ́dọ̀ jẹ ju kílò kan àti ààbọ̀ ọkà bàbà lọ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì rẹ̀ sì tó lọ́jọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí onílù máa lù láti ọ̀nà jíjìn, kó máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò bá tíì lè dúró nígbà tí ẹ bá ní kó dúró, yálà ó ń yí lọ sí òsì tàbí sí ọ̀tún, pẹ̀lú ìlù nítòsí, ẹ má gùn ún wọ àárín èrò lọ́dún yìí.