Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Kó Fàdákà àti Yùréníọ̀mù Jọ sí Ojú Ìyapa Àpáta

Dọ́là tí gbogbo wa ń dárúkọ lójoojúmọ́ ní ìlú tí orúkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Jáchymov ni ìlú náà ń jẹ́, ó sì wà lórí àwọn òkè Erzgebirge, níbi tí orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì ti bá Jámánì pààlà. Ní ọdún 1516 ni iṣẹ́ fàdákà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Joachimsthal ni àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ń pe ìlú náà, wọ́n wá ń pe owó fàdákà tí wọ́n rọ níbẹ̀ ní taler, ọ̀rọ̀ yìí ni ó sì ń yí lẹ́nu títí ó fi di dọ́là. Nínú àwọn iṣan àpáta tí fàdákà náà wà, ìyẹn ojú sísán àpáta tí òkúta mìíràn ti dì kún, ni òkúta dúdú kan tí ó wúwo wà, tí àwọn awakùsà kò rí ìwúlò rẹ̀ rárá. Ọdún 1789 ni Martin Klaproth, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, tó yẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀ wò, èyí tí wọ́n wà ní Johanngeorgenstadt nítòsí ibẹ̀, tí ó sì sọ ohun tuntun tí ó rí nínú rẹ̀ ní yùréníọ̀mù. Nígbà tí ó di 1898, òkúta dúdú Jáchymov ni tọkọtaya onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Marie àti Pierre Curie, fi ṣe iṣẹ́ tí ó mú wọn rí rédíọ́ọ̀mù, ohun mìíràn tí ń tú ìtànṣán jáde.

Omi gbígbóná ni ó kó gbogbo ẹrù wọ̀nyí wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣe é, kí ó wo omi náà bí aláàárù: kí ó béèrè ibi tí ó ti gbé ẹrù, ọ̀nà tí ó gbà, àti ohun tí ó mú un sọ ẹrù kalẹ̀. Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń pinnu bóyá ibì kan yóò di ibi ìwakùsà tàbí kò ní dì í.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí ẹrù wà nílé. Nínú tọ́ọ̀nù kan òkúta akọ tí a ń pè ní gíránáìtì, nǹkan bí gíráàmù 4 péré ni yùréníọ̀mù tí ó máa ń wà níbẹ̀, ó sì fọ́nká káàkiri. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè wà nínú àwọn hóró líle bíi síkọ́ọ̀nù tí omi kò lè tú. Àmọ́ gíránáìtì kan wà tí yùréníọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, tí kò sì há sí ibi líle, tó fi jẹ́ pé omi tí ọ́síjìn bá wà nínú rẹ̀ yóò fọ̀ ọ́ jáde láìsí wàhálà. Irú gíránáìtì bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Erzgebirge. Ó ti lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún tí ó ti gòkè ní yíyọ́, tí ó sì dì sáàárín àwọn àpáta pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà gbọ́dọ̀ là. Àpáta tí kò sán kì í jẹ́ kí omi kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ń fà á tàbí tí ó ń tì í, yóò ya, apá kan yóò sì yọ̀ kúrò lára èkejì. Ìyapa àpáta nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé inú ìyapa náà gan-an ni omi máa ń gbà jù. Ibi tí àpáta méjì ti ń lọ ara wọn máa ń di ìyẹ̀fun, tí yóò di amọ̀, amọ̀ kì í sì í jẹ́ kí omi kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ìyapa, níbi tí àpáta ti fọ́ wẹ́wẹ́ láìdi ìyẹ̀fun, àti ibi tí ìyapa ti ṣẹ́ kọ́nà, ni ọ̀nà gidi. Ní kọ́nà bẹ́ẹ̀, bí apá kan bá sún, àyè á ṣí sílẹ̀ láàárín òun àti èkejì.

Omi ló kàn. Òjò tí ó rọ̀ sórí òkè lè rin inú àwọn ojú sísán wọ̀nyí lọ sísàlẹ̀, omi iyọ̀ àtijọ́ tí àpáta ti há mọ́ inú náà sì wà níbẹ̀. Ooru kò ṣòro láti rí: ní ọ̀pọ̀ ibi, bí a bá sọ̀ kalẹ̀ kìlómítà 1, ooru máa ń fi nǹkan bíi díńgírì 25 sí 30 lé sí i. Omi tí ó bá dé kìlómítà mélòó kan nísàlẹ̀ yóò gbóná ju omi híhó lọ, ṣùgbọ́n ìfúnpá kò ní jẹ́ kí ó hó. Bí ó ti ń gbóná ni ó ń fúyẹ́, bí ó sì ti ń fúyẹ́ ni ó ń wá ọ̀nà àtigòkè padà.

Báwo ni ó ṣe ń gbé ẹrù náà? Ipò méjì ni yùréníọ̀mù máa ń wà nínú ilẹ̀. Bí ọ́síjìn bá pọ̀, yóò pàdánù mẹ́fà nínú àwọn èérún tíntìntín tí a ń pè ní ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù, yóò di mọ́ kábọ́nétì (àdàlú kábọ́nì àti ọ́síjìn) tí ó wà nínú omi, yóò sì bá omi lọ. Bí ọ́síjìn kò bá sí, mẹ́rin péré ni yóò pàdánù, kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yọ́ nínú omi mọ́. Àwọn mìíràn ní alábàárìn tiwọn: iyọ̀ ni fàdákà àti òjé sábà máa ń bá rìn, nígbà tí wúrà máa ń bá imí-ọjọ́ rìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakùsà fi ń wá wúrà nínú iṣan òkúta funfun ní agbègbè Ìlẹ́ṣà, níbi tí ìyapa àpáta ńlá ti Ifẹ̀wàrà gbà kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò sì retí pé kí irú ẹrù Jáchymov wà níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ jọra, ẹrù àti alábàárìn lè yàtọ̀.

A wá dé ibi tí aláàárù ti ń sọ̀. Bí omi tí ó gbé yùréníọ̀mù bá pàdé ohun tí ó lè gba ọ́síjìn lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Ohun náà lè jẹ́ gíráfáìtì, irú èyí tí ó wà láàárín pẹ́ńsùlù. Ó lè jẹ́ òkúta tí ń dán bíi wúrà, tí í ṣe àdàlú irin àti imí-ọjọ́. Ó sì lè jẹ́ irin tí ó wà nínú àpáta dúdú kan. Irin yóò dípẹtà, yùréníọ̀mù yóò sì dì. Nítorí náà, nínú iṣan Jáchymov, òkúta dúdú náà àti àwọ̀ pupa bí ìpẹtà sábà máa ń wà pa pọ̀, ẹni tí ó bá mọ èyí lè ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lára ògiri ihò ìwakùsà láìlo irinṣẹ́ kankan. Ọ̀nà mìíràn tún wà. Bí ìyapa bá yọ̀ lójijì, tí àyè sì ṣí, ìfúnpá yóò já wálẹ̀, gáàsì inú omi yóò sì tú jáde bí ìgbà tí a bá ṣí ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí gáàsì ti lọ, kábọ́nétì tí ó di yùréníọ̀mù mú yóò bá kálsíọ́ọ̀mù dì sára ògiri, bí èérí funfun tí í lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù, yùréníọ̀mù kò sì ní alábàárìn mọ́. Ìyapa tí ó gùn lọ rẹrẹ lè jẹ́ òfìfo ní ibi púpọ̀, kí ó sì lọ́rọ̀ ní ìwọ̀nba ibi tí ó ti gba àárín àpáta dúdú tí irin wà nínú rẹ̀ kọjá, tàbí ibi tí òun àti ìyapa mìíràn ti dábùú ara wọn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré kò tó. Ohun tí ó dì yóò dí ọ̀nà, ìfúnpá yóò tún ga nísàlẹ̀, ìyapa yóò tún ya, omi mìíràn yóò sì tún wọlé pẹ̀lú ẹrù mìíràn. Báyìí ni ìpele ṣe ń gorí ìpele láti ògiri méjèèjì wá sí àárín. Ní Jáchymov, yùréníọ̀mù pẹ̀lú òkúta kábọ́nétì ló kọ́kọ́ dì, kí fàdákà, kóbọ́ọ̀tì àti níkẹ̀lì tí wọ́n so mọ́ ásẹ́níìkì tó tẹ̀ lé e. Àwọn awakùsà àtijọ́ ń pe iṣan tí ó lọ láti àríwá sí gúúsù ní iṣan ọ̀gànjọ́, èyí tí ó lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn sì ni iṣan òwúrọ̀. Iṣan ọ̀gànjọ́ ni ó ní ọrọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn kò bá ìkójọ lọ. Òjò àti afẹ́fẹ́ á máa jẹ orí òkè náà lọ fún mílíọ̀nù ọdún, títí iṣan yóò fi yọ sójú ilẹ̀. Nígbà náà ni omi òjò, tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀, yóò tún kan òkúta dúdú náà; ara rẹ̀ yóò di yẹ́lò àti àwọ̀ ewé, díẹ̀díẹ̀ ni yùréníọ̀mù yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, tí yóò tẹ̀ lé omi lọ sí ìsàlẹ̀ òkè.