Bí mo ṣe rí fọ́tò ìsìnkú Màmá padà

Mo ṣèèṣì pa fọ́tò ìsìnkú Màmá wa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, mo sì ti da inú Recycle Bin nù. Àyà mi já. Ohun tó yọ mí ni pé mi ò tún fi nǹkankan pamọ́ sórí dírááfù tí àwọn fọ́tò náà wà. Lórí hard disk, fáìlì tí a pa rẹ́ kì í kúrò lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà kàn ka ààyè rẹ̀ sí òfìfo ni, títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Ti SSD, irú dírááfù mìíràn tó yára ju hard disk lọ, le jù bẹ́ẹ̀ lọ láti rí padà.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi wa PhotoRec jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá ni wá fáìlì tí a pa rẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Mo gbé e sórí flash, mo ṣí i láti ibẹ̀, mo ní kó wá JPG, ìyẹn irú fáìlì fọ́tò, nìkan, kó sì kó wọn sórí hard disk mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kó wọn sórí dírááfù tí ẹ ń wá nǹkan nínú rẹ̀!

Orúkọ fáìlì ti lọ, gbogbo wọn di f àti nọ́ńbà. Ìsàlẹ̀ àwọn mìíràn di àwọ̀ eérú lásán. Ṣùgbọ́n èyí tí àwa ọmọ márààrún wọ aṣọ òfì, tí a dúró ti pósí, ó jáde kedere. Mo ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi.