Bí ẹ ṣe lè ṣa ẹ̀wà tí òkúta ò ní kù síbẹ̀

Dẹ́rẹ́bà kan ń jẹun lórí bẹ́ǹṣì mi lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́ níbí, ni mo gbọ́ “kàù!” lẹ́nu rẹ̀. Ó tu òkúta sátẹ́lẹwọ́, ó ní, “Ìyá ẹlẹ́wà, ṣé ẹran rèé?” Ojú tì mí. Èmi fúnra mi ni mo ṣa ẹ̀wà yẹn.

Àbúrò mi tó kàwé nípa ọpọlọ ló là mí lóye. Nǹkan wà tó máa ń fa ojú fúnra rẹ̀: òkúta funfun láàárín ẹ̀wà olóyin, ẹ ò tíì wá a, ẹ ti rí i. Nǹkan sì wà tó jẹ́ pé ọkàn ló máa rán ojú lọ wá a: òkúta tó jọ ẹ̀wà. Láti 1980 ni Anne Treisman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti fi hàn pé ohun tí àwọ̀ rẹ̀ dá yàtọ̀ kì í pẹ́ rí, bó ti wù kí nǹkan tó yí i ká pọ̀ tó.

Nítorí náà, ẹ pa tíréè olódòdó tì. Tèmi kún fún òdòdó pupa, òun gan-an ló ń jí ojú mi gbé. Ẹ lo funfun báláú, ẹ da ìkúnwọ́ kan síbẹ̀, ẹ gbé etí rẹ̀ kan sókè díẹ̀. Ẹ̀wà á yí lọ, òkúta onígun á dá dúró. Ẹ da fóònù dojú bolẹ̀ o.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òkúta kan látinú àpò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tíréè, kí ojú mọ ohun tí ẹ rán an. Òkúta nìkan ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ, ìgbà kejì nìyẹn. Pípa tí mo máa ń pa méjèèjì pọ̀ ló kó bá mi.

Èyí tó le jù ni àpò tó mọ́, tí òkúta inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ní 2005, Jeremy Wolfe, tó ń ṣèwádìí nípa bí ojú ṣe ń wá nǹkan, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní káwọn èèyàn wá irinṣẹ́ nínú àwòrán. Nígbà tó wà nínú ìdajì àwòrán, 7 nínú 100 ni wọn ò rí. Nígbà tó di ẹyọ kan nínú 100 àwòrán, àìrí fò sókè sí 30 nínú 100. Ojú tí kì í rí nǹkan ti jáwọ́ nìyẹn.

Ọgbọ́n tí mo dá sí i: ọmọ mi á fi bírò sàmì sábẹ́ òkúta mélòó kan, á jù wọ́n sínú ẹ̀wà, kò ní sọ iye rẹ̀ fún mi. Lánàá, mo kó mẹ́ta jáde. Ó ní mẹ́rin ni. Oníbàárà ti jókòó, iná ti ń jó. A tún da ẹ̀wà padà sórí tíréè.