Wi-Fi tó ń já, tó ń padà

Ẹ kú ilé o, ará Òṣogbo. Ẹ̀yin tí Wi-Fi mesh yín (àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń pín Wi-Fi káàkiri ilé) ń já ṣáá, ẹ má tíì bú àwọn tó ń ta dátà. Ibo lẹ gbé àwọn ẹ̀rọ kéékèèké yẹn sí? Ẹ̀yìn fíríìjì ni tèmi wà (ìyàwó mi ló ní kò gbọ́dọ̀ ba pálọ̀ jẹ́), irin kì í sì í jẹ́ kó ríran. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò já mọ́. Nínú àwọn ìgbì tí Wi-Fi ń lò, 5 GHz yára, àmọ́ 2.4 GHz ló ń la ògiri bulọ́ọ̀kù kọjá jù. Tó bá jẹ́ ìgbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ gbà á ló ń já, ẹ̀rọ ló ń kú tó ń tún tàn. Ẹ wá UPS kékeré (bátìrì tí kì í jẹ́ kó kú tí iná bá lọ) sí i.