Bí Ẹ Ṣe Lè Jókòó sí Àkúrẹ́ Ṣiṣẹ́ fún Àwọn Tó Ń Ra Kòkó Wa Lókè Òkun

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Àkúrẹ́ ló gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ará òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé oko bàbá rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá bá gbogbo ayé du iṣẹ́ títẹ̀wé lásán, owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò máa gbà, nítorí pé kò sí ìlú tí wọn kò ti lè rí ẹni ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàrin kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a, àti èyí tí wọ́n kánjú kó sóòrùn ní ọjọ́ kejì, ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sí Manila ní Philippines. Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn tó ń pèsè kòkó jù lọ ní Nàìjíríà, láti Ìdànrè títí dé Ilé-Olúji àti Ọ̀wọ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 jáde kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn, àti pé ẹni tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ lè fi ibi tí oko náà wà gan-an hàn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ àwọn oníṣòwò kò lè dúró di ọjọ́ náà kí wọ́n tó máa kọ orúkọ oko sílẹ̀, nítorí pé àgbẹ̀ tó ní oko éékà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lọ súà. Iṣẹ́ yìí pín sí méjì. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rin oko. Àwọn kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń yẹ nọ́ńbà GPS, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí oko wà, tí àwọn ti oko fi ránṣẹ́ wò, wọ́n ń to orúkọ àgbẹ̀ mọ́ oko rẹ̀, wọ́n sì ń yọ èyí tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì kúrò. Iṣẹ́ kejì yìí ni a lè ṣe láti inú yàrá ní Ọbà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́.

Ohun tí ẹ ó kọ́ kò pọ̀ bí ẹ ti rò: bí a ṣe ń lo Excel dáadáa, àti QGIS tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí oko ẹbí yín tàbí ti ẹni tó fún yín láṣẹ, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ẹ má kánjú níbẹ̀, nítorí pé abẹ́ igi kòkó ṣókùnkùn, ewé rẹ̀ sì máa ń dí sátẹ́láìtì lọ́wọ́, débi pé fóònù lè sọ pé ẹ wà nínú oko aládùúgbò. Ẹ dúró ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ wọ̀n títí nọ́ńbà náà yóò fi dúró sójú kan, kí ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn àmì ẹ̀sún (.). Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ìyẹn nǹkan bí éékà mẹ́wàá, nọ́ńbà ibi kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó fún un lábẹ́ òfin náà. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní láti rin ààlà rẹ̀ yí ká.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ gan-an. Ní Ìdànrè, nọ́ńbà ti àríwá máa ń fi 7 bẹ̀rẹ̀, ti ìlà-oòrùn sì máa ń fi 5 bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé èyí àkọ́kọ́ sí ipò èkejì, oko kòkó Ìdànrè yóò ṣàdédé bọ́ sí tòsí ìlú Abá, ẹni tí kò sì mọ ilẹ̀ wa kò ní fura. Ẹ kọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ àti bí ẹ ṣe tún un ṣe sínú ìwé ojú kan, kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ yín. Ó níye lórí ju ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àgbẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni.

Ní ti iná, ẹni tó wà lórí Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, gan-an gbọ́dọ̀ ní ínfátà kékeré tàbí bátìrì tó lè gbé láptọ́ọ̀pù àti rọ́tà fún wákàtí mélòó kan. Ẹ ní síìmù ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún aago pẹ̀lú. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, Àkúrẹ́ fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú New York, nígbà tó kù nínú ọdún, ó jẹ́ márùn-ún. Mo ti jókòó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù Kẹta, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo ti lọ̀, mo ń dúró de ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí àkókò rẹ̀ ti kọjá ní wákàtí kan ṣáájú.

Ní ti owó, ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là ní báńkì kí iṣẹ́ tó dé, kí ẹ sì gba apá kan owó náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó fún yín níṣẹ́, olè ni. Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026 kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá jẹ́ èrè lọ́dún, ṣùgbọ́n èyí tó lé, bó tilẹ̀ ti òkè òkun wá, ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fajú ro síbí yìí. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ tí kòkó ti ń jáde nínú àpò láìtíì di ṣokoléètì, owó orí ẹni tó jókòó sílé ṣiṣẹ́ wà lára ìwọ̀nba èrè kòkó tó tún padà sílé.

Ẹ fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ ní oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ. Tí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, wọ́n ti ń já kòkó lórí igi nìyẹn, àwọn tó ń rà á kò sì ní ráyè ka lẹ́tà àjèjì.